Bàtà Olùkọ́ Ṣàfíù

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Mọ́ṣáláṣí,
Barúwà, Ìpájà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1989.

Sìkírátù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àmọ́ ẹnu mi ò tíì fẹ̀yìn tì.

Mo ti dé Ẹgbẹ́dá tí o rán mi, níbi tí Ṣàfíù ọmọ rẹ ń gbé lọ́dọ̀ olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù tí wọ́n ń pè ní gúrù. Fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò so ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, àgbà ọmọ ẹ̀yìn, ló gbà mí lálejò. Aṣọ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ó sì ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ọgbọ́n má dà nù. Ó mú mi dé iwájú bàtà kan lórí tìmùtìmù, tí wọ́n to òdòdó yí ká. Ó ní bàtà gúrù ni, kí n kí i kí n tó jókòó. Mo ní, "Ẹ kú ilé o." Bàtà ò dáhùn. Ṣàfíù tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbé ẹ̀rín mì.

Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò fi wálé, tó fi dórí Iléyá. Olúbọ̀dé já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Bàbá, ẹni tó bá ti rí gúrù ò ní ìyá mọ́."

Ibẹ̀ la wà tí bàbá ará Íńdíà kan fi jáde láìwọ bàtà, tó ń wolẹ̀ káàkiri. "Olúbọ̀dé, o tún ti gbé bàtà mi? Mo fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé jàre!"

Gúrù nìyẹn! Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò ní Ìgándò, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Mo ro ẹjọ́ Olúbọ̀dé fún un. Ojú rẹ̀ le. Ó ní lóòótọ́ ni ọmọ ẹ̀yìn ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ olùkọ́ nílẹ̀ àwọn, àní ó lè bọ̀wọ̀ fún bàtà rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ń kàn. Ó yíjú sí Ṣàfíù: "Lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Tó bá ní rárá, má padà wá."

Sìkírátù, gbogbo èébú tí mo gbé wá láti ilé ló kú sí mi lẹ́nu. Tẹkúntẹkún ni Ṣàfíù fi bu omi fún bàbá náà láti ṣan ẹsẹ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń bu omi àlùwàlá fún bàbá wa. Kò sí ẹni tó tàn án. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà ni.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Tinúọlá, àbúrò Ṣàfíù. Olúbọ̀dé ní kí n kí ọ. Bàtà ò rán mi ní nǹkan kan.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni Ṣàfíù máa dé. Ó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó máa nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ, bóyá èyí tó ń dùn ọ́ gan-an. Má sáré fà á sẹ́yìn. Jẹ́ kó kàn án ná, kí o tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́ rí,
Sàkàrìyáù.