Iṣan Ọrùn Ọkọ Yín Kékeré

Màámi,

Ara mi le, mo sì ń jẹun. Iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọkọ yín kékeré kò gba abẹ́rẹ́ mọ́, ni dókítà bá ní ọrùn ni oògùn máa gbà wọlé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi inú ara hàn lé e lọ́rùn, mo sì rí iṣan náà, ó tín-ín-rín bí òwú. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tàsé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì bá a. Dókítà ní, "Ìyá ọmọ, ó ti wọlé!" Mo dúpẹ́.

Ẹ máa ń ní tí ọmọ yìí bá ké, ará ilé kejì á sáré wá. Kò ké mọ́, Màámi. Ó ti di ọmọ jẹ́jẹ́.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ní kí wọ́n rọra máa kan bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ìkánjú.