Àga Mi Nínú Ibòji

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ṣé ènìyàn lè dìbò láìmọ̀ pé òun dìbò? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ní ìpàdé àdúgbò wa, a kì í nawọ́. Kálukú ń gbé àga rẹ̀ wá láti ilé. Ibi tí àga bá wà nígbà tí Rẹfirí bá fọn fèrè, ibẹ̀ ni olúwa rẹ̀ wà. (Rẹfirí ni alága wa. Ó ti fi pápá bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tipẹ́. Fèrè ni kò fi òun sílẹ̀.) Ọ̀rọ̀ tòní: ká fi géètì dí ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé mi kọjá, nítorí olè. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ, òdìkejì títì.

Mo pẹ́ kí n tó dé, ìwé lọ́wọ́. Oòrùn ń ta. Mo rí ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri — mo jókòó, mo ṣí ìwé mi. Fèrè dún.

Wọ́n kà mí mọ́ àwọn tó fẹ́ géètì. Àwọn ló sì pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀nà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbà láti ìsàlẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní títì wa. Orúnkún ń dà á láàmú. Bí wọ́n bá dí i, àfi kó máa gun òkè yí ká. Kì í sì í ṣe ará títì wa. Kò ní àga nínú ìpàdé.

Ó ní àwọn ènìyàn sọ pé mo jókòó ti àwọn tó fẹ́ géètì. Mo ní, "Oòrùn ni, ẹ̀gbọ́n mi." Ó fi eyín gé òwú. "Oòrùn. N ó sọ fún orúnkún mi." Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín: "Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, bí a ò bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ, ilé ọkọ ẹlòmíì ni ìwọ ì bá wọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Mo lálàá pé àwọn àga ń dá rìn. Tèmi ló ṣáájú. Kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Mo bá Rẹfirí níbi tó ti ń bomi rin òdòdó. Ó ní bọ́ọ̀lù tó bá ti wọlé, a kì í yọ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ bí oòrùn ṣe mú tó. Ibòji ló dìbò, kì í ṣe àwa. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ibòji bá kárí."

Ó da omi títí ó fi tán. "Kí wọ́n má baà ní mo ṣe màgòmágó. Àbámẹ́ta."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Ilé dé ilé ni mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ géètì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ìyá ọmọ tuntun ní òun á rò ó. Káfíńtà, tó kan ìdajì àga àdúgbò: "Ìyàwó wa, àga kì í parọ́. Ìdí ló ń parọ́."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Inú mi dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Ìrọ̀lẹ́ rọ̀ bí omi. Ibòji bo títì látòkè délẹ̀. Kò sí ibi tó sàn ju ibì kan lọ. Mo tètè gbé àga mi sí òdìkejì. Mo ń retí.

Wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àga lórí, bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn lójú oorun. Ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ̀gbẹ́ ògiri. Káfíńtà náà — ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ìyá ọmọ tuntun dúró lọ́dọ̀ mi díẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí Oníwèé. Olè ti wọlé wa lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè sùn." Ó kọjá.

Fèrè dún.

Kì í ṣe ibòji, àṣé. Mo ti rò pé gbogbo wọn sùn bíi tèmi lọ́jọ́ Àìkú, pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n jókòó sí. Ojú wọn là sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà tóóró náà, ó di ògiri mú. Mo dìde, mo gbé àga mi fún un. Ó jókòó. Rẹfirí gbé fèrè sẹ́nu, ó wò wá, ó sọ ọ́ sílẹ̀.

"Kò burú," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo rí ibi tí o gbé e sí."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá, ìdájí

Lónìí ni wọ́n máa so géètì. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé láti ọ̀la lọ, èmi ni n ó máa bá a gbé ẹrù yí òkè ká. Ó ní kí n má mú ìwé dání.

Ṣé ìyẹn náà jẹ́ ìbò? Mi ò mọ̀.

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń gbọ́ lójú ọ̀nà yẹn — ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo pa fìtílà, mo lọ pàdé rẹ̀.