Súwẹ́tà Bàbá Rẹ àti Àmì Tí O Kò Fi Sí I

Adúmáadán mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà, mo kí ọ kú àìrójú. Bí o bá wà lórí ìdúró, wá ibi jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ara mi le. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló máa ń ráhùn ní òwúrọ̀, tí oòrùn bá sì ti yọ, á gbọ́ràn. Ẹni tó ń ṣọ́ wa nílé níbí á máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún, o ò ní ṣìnà, o ò ní ṣìṣe, ẹni tí yóò ṣe ọ́ lóore kò ní gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ti tún òrùlé yàrá mi ṣe, ó fi ihò kékeré kan sílẹ̀, ó ní kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé ni, bẹ́ẹ̀ èmi mọ̀ pé ìṣó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù dé, mo sì kà á fúnra mi, èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Mo dà á kọ síbí bí o ṣe kọ ọ́: Maami, e ma fi suweta Baami ko. E ka won sinu apoti. N o wa lodun yii. Òun náà nìyẹn, mi ò bù mọ́ ọn, mi ò bù kúrò. Mo kọ́kọ́ yí fóònù náà padà, mo gbọ̀n ọ́n, bóyá àwọn àmì ohùn tí Tíṣà kọ́ wa ti jábọ́ sísàlẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní kò burú, ọmọ mi ni, mo mọ ohùn rẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni ti ìparí, pé o ń bọ̀ lọ́dún yìí. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ ni ẹsẹ̀ rẹ kò ti kan ẹnu ọ̀nà yìí, mi ò sì bá ọ wí, mo mọ̀ pé ilé tí èèyàn ti sunkún máa ń ṣòro láti tún wọ̀. Mo wá pinnu pé bí o bá dé, bí o ṣe ní kí n ṣe súwẹ́tà bàbá rẹ gẹ́lẹ́ ni o ó ṣe bá a.

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ yìnyín ni bàbá rẹ ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, súwẹ́tà mẹ́fà ni wọ́n sì fi sílẹ̀. Nígbà ayé wọn, wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan àpótí yẹn, wọ́n ní ọwọ́ mi yá jù fún aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun. Nítorí náà, ohun tí o bá sọ ni mo máa ṣe. O ní kí n máa fi kọ́, mo fọ márùn-ún, mo kan ìṣó mọ́ ògiri, mo fi wọ́n kọ́ ní tútù. O tún ní kí n kà wọ́n sínú àpótí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò fẹ́ bára mu, ṣùgbọ́n mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú ńlá nìyẹn: kí súwẹ́tà wà lórí ìṣó lọ́sàn-án, kí a sì kà á wọ inú àpótí nírọ̀lẹ́ bí ẹní ń ka adìẹ wọlé. Mo ń kà á sókè kí olè tó bá wà nítòsí lè mọ̀ pé a mọ iye ohun tí a ní. Mo ní ọmọ mi gbọ́n, ó ń ronú jìnnà.

Ó ṣe díẹ̀, àwọn súwẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti wọ yàrá, tí atẹ́gùn gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo apá súwẹ́tà á máa mì jẹ́jẹ́, bí apá bàbá rẹ ṣe máa ń mì tí wọ́n bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí wọn ò fẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Èmi á jókòó sí etí ibùsùn, oorun á fẹ́ gbé mi lọ, á tún dá mi padà, mi ò ní mọ èyí tí mo rí mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí mo lá. Èyí tó ní àwọ̀ eérú ti dé orúnkún. Ọwọ́ èyí tó ní àwọ̀ ewé ń gbálẹ̀. Mo ní bàbá rẹ ló ń ga sí i lọ́hùn-ún, ibẹ̀ bá wọn lára mu. Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n rọra máa ga, kí wọ́n má fi orí lu òrùlé, pàápàá jù lọ apá ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ tún ṣe.

Mo wá gbé fóònù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà láti fi ọ́ yangàn. Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ rẹ sójú pátákó, ó ní kí gbogbo wa kà á, ló bá dìjà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ awakọ̀ kà á bíi tèmi. Ìyá Alágbàfọ̀, tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń fi súwẹ́tà kọ́, àbí òmìrán ló fẹ́ wọ̀ ọ́ ni. Ó ní ẹ má fi kọ́ ni ọmọ wí, kì í ṣe ẹ máa fi kọ́, àti pé ẹ ká wọn ni, kì í ṣe ẹ kà wọ́n. Tíṣà ní òótọ́ ni, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì sí i. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra pé bàbá rẹ kò ga rárá, omi ló fa òwú.

Nígbà tí Tíṣà dé ìlà tó kẹ́yìn, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, kò ya nǹkan kan. Awakọ̀ ní n ó wá ni. Ìyá Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó rọra ní ó lè jẹ́ n ò wá. Tíṣà ní ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo mú fóònù mi, mo fi í sínú àpò.

Ìyá Alágbàfọ̀ sin mí délé, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. A tún rẹ àwọn súwẹ́tà sómi, a fi táwẹ̀lì fún omi rẹ̀, a tẹ́ wọn sórí tábìlì, a ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì wọ́n padà sójú ìwọ̀n wọn. Èyí tó ní àwọ̀ eérú gbà, ti àwọ̀ ewé ń ṣagídí. Ó ní tí wọ́n bá gbẹ, kí n dojú wọn délẹ̀, kí n ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí n wá ká ìsàlẹ̀ bá ọrùn, kí èyí tó wúwo wà nísàlẹ̀, kí n di kàfúrà tó ń lé kòkòrò sínú àkísà kí ó má fara kan òwú. Nígbà tó lọ tán, mo mú ẹ̀kẹfà tí n kò tíì fọ̀, mo tú u. Ojú ibi tí bàbá rẹ ti ká a gbẹ̀yìn ṣì wà lára rẹ̀, ó là gbọọrọ bí ọ̀nà. Mo kàn ń tẹ̀ lé e. Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti yà ni ọwọ́ mi yà, títí ó fi di pẹlẹbẹ lórí itan mi, mo sì jókòó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ fẹ́ ṣú, mi ò tanná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun á pè ọ́ lórí fóònù bi ọ́, mo ní kó fi í sílẹ̀. Èmi náà ti gbìyànjú tẹ́lẹ̀, obìnrin kan ló gbé e, ó ní o kò sí nítòsí. Mo kí i dáadáa, mo bi í bóyá yàrá kan náà lẹ jọ ń gbé, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, kò kí mi padà. Ọmọ àwọn wo nìyẹn? Má jẹ́ kó bá ọ fọ súwẹ́tà.

Tí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó táwẹ̀lì àti kàfúrà ránṣẹ́, ti alágbàfọ̀ ni a lò. Bó bá sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ fóònù ń gbowó lórí àmì ni o fi ń ṣọ́ ọ lò, yọ ọ́ nínú owó mi, mi ò ní bínú. Iṣẹ́ rẹ á máa jẹ́, oorun rẹ á máa dùn, òtútù tí bàbá rẹ fara gbà nítorí rẹ kò ní já sí asán.

Nípa ìlà tó kẹ́yìn yẹn, bó bá jẹ́ pé o ń bọ̀, fi àmì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ń gòkè. Bó bá jẹ́ èkejì ni, ọmọ mi, má fi nǹkan kan sí i. Jẹ́ kó wà bó ṣe wà, mo mọ bí mo ṣe ń kà á.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.