Iná Búlúù Lókè Orí Màmá

Èmi ni mo ń tan ìràwọ̀ tí gbogbo ìjọ wa ń pè ní iṣẹ́ ìyanu. Ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná, mo bẹ̀ yín. Obìnrin ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní kọ̀ǹpútà, ọ̀nà Ararọ̀mí-Ọ̀pin níbí, mi ò ní dárúkọ ìlú torí gbogbo wa la mọ ara wa.

Ní December, Wòlíì wa ní kí n ṣe iná Kérésìmesì tó máa yàtọ̀ sí ti èṣí. Inú mi dùn gan-an, torí mo ti ń fi bọ́ọ̀dù kékeré kan ṣeré nílé, èyí téèyàn máa ń kọ code sí láti orí laptop, tá á wá máa pàṣẹ fún iná: tàn, kú, yí àwọ̀ padà. Mo so gílóòbù kéékèèké yí inú ṣọ́ọ̀ṣì ká. Nígbà tí mo ń ṣe é lọ́wọ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí bọ́ọ̀dù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, kí gílóòbù kan ṣoṣo kọ́kọ́ tan búlúù fún ìṣẹ́jú kan, kí n lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo gbàgbé láti yọ ọ́... ìgbàgbé lásán ni o.

Àárọ̀ Kérésì, ẹgbẹ́ akọrin gbé orin, spíkà ńlá gba púpọ̀ nínú iná, èyí tó kù ò ká bọ́ọ̀dù mi, ló bá kú, ló tún gbéra. Gbogbo gílóòbù kú, búlúù kan ṣoṣo ló kù, lókè orí Màmá gan-an, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà. Wòlíì ní ìràwọ̀ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ti yà sórí ìyá arúgbó. Màmá bú sẹ́kún, wọ́n ń yí nílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá àwọn fínra láti ọjọ́ yìí ti lọ. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ta ló fẹ́ dìde láàárín halelúyà kó ní code òun ni?

Bá a ṣe délé, wọ́n da oògùn wọn sí ṣáláńgá. Mo ra òmíràn, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ní, "Ẹni tí Jésù tan ìràwọ̀ sí lórí, kí ló tún fẹ́ fi hóró oògùn ṣe?"

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, mo yọ ìlà yẹn kúrò nínú code. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì spíkà tún gba iná, gbogbo rẹ̀ kú, kò sí búlúù... Wòlíì ní Ákánì wà láàárín wa, ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan ló lé ìràwọ̀ lọ, ó kéde ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fura síra wọn. Màmá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ò fẹnu kan omi, ẹkún ni wọ́n ń sun, pé Jésù ti kọ àwọn sílẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe... mo dá ìlà yẹn padà, búlúù náà sì tún yọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ti àkọ́kọ́, àṣìṣe ni. Èkejì ńkọ́? Kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Kérésì ti kọjá, wọn ò jẹ́ kí n tú iná náà. Lánàá, ògiri ni Màmá dì mú kí wọ́n tó lè dìde, wọ́n ní Èṣù ló ń dán àwọn wò. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá jẹ́wọ́, ìtìjú ni fún wọn lójú gbogbo ẹni tí wọ́n ti jẹ́rìí fún, wọ́n lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé, Wòlíì á sì ní mo fi ilé Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá sì dákẹ́ ńkọ́? Ibo ni kí n gbà?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣé kí n sọ fún Màmá nìkan ni, àbí níwájú gbogbo ìjọ? Ẹ má pẹ́ kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Màmá ti yọ̀ǹda ìjókòó wọn lábẹ́ búlúù náà fún ìyá kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀la ni ìyá náà máa jókòó síbẹ̀, ìyá náà ò sì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti àná.