Ọwọ́ Òsì Ṣẹwà

Bàbá Ṣẹwà,

Ẹ kú ìpàdé o. Ṣé àwọn ẹgbẹ́ télọ̀ yín ní Igbó-Elérin ti rẹ́rìn-ín tán?

Mo wà ní báluwẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn yín: "Èmi lò ń na ọwọ́ òsì sí? Gbé e sọ̀ kalẹ̀!" Kí n tó ṣan ọṣẹ ojú mi, ẹ ti jáde. Ṣẹwà ò gbọ́ ariwo yín, adití ò kúkú ń gbọ́ ariwo, àmọ́ ó mọ̀ pé ẹ di òun lọ́wọ́ mú. Ẹkún ni mo bá a tó ń sun. Mo bi í pé kí ló fẹ́ sọ fún yín. Ọwọ́ òsì yẹn náà ló fi dá mi lóhùn: "Bùbá Dádì, inú ló wà níta."

Mo pè yín. Orí máṣíìnì ni fóònù yín ti ń dún.

Ọkọ mi, ọlọ́wọ́ òsì lọmọ yín. Ọwọ́ yẹn ni ẹnu ẹ̀. Ká ní ẹ máa ń tẹ̀ lé wa lọ sí kíláàsì èdè ọwọ́ ní Iba ni, ẹ̀ bá ti mọ̀, ẹ̀ bá sì ti yí bùbá padà.

Ibẹ̀ náà la lọ. Ìrẹsì wà nínú kúlà. Tá a bá dé, ẹ bẹ Ṣẹwà. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ fi ra àyà yín yípo: "má bínú" nìyẹn.

Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi ṣe é o.