Orin Tó Gba Ipò Kẹwàá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá 2025. Àkúrẹ́

Ìwé, má bínú. Mo mọ̀ pé àwọn tó ní nǹkan sọ ló ń kọ irú èyí. Èmi ò tíì ṣe nǹkan kan láyé ju pé mo wọ yunifásítì lọ. Bóyá àfojúdi tilẹ̀ ni pé mo fi bírò kàn ọ́. Ṣùgbọ́n inú mi dùn lónìí, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ fún tí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbà á bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbà mí sí ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ fíìmù. Iṣẹ́ wa ní sáà yìí: kí a yan orin inú fíìmù mẹ́wàá tó dára jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù láyé. Tilé, tòkè òkun, gbogbo rẹ̀. Rédíò ọgbà wa yóò gbé e sáfẹ́fẹ́. Alága wa ni Babájídé, ọmọ ọdún kẹta, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Níbí, Ọ̀gá Gíláàsì lorúkọ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mú orin wá, kó múra láti gbèjà rẹ̀.

Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wo ojú òṣèré, bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe ń gbọ́ orin tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé mo mọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́rú, 5

Àṣìṣe. Mo sọ fún Sherifat.

Yàrá kan náà la wà, ibùsùn rẹ̀ wà lókè tèmi. Ọmọ Àkúrẹ́ gan-an, Ìsìkàn ni ilé wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá sí. Mọ̀ọ́tán ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. "Orin fíìmù kẹ̀? Motún, èmi náà ń bọ̀ o!" Kí n tó rí ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sọ pé rárá, ó ti pe Ọ̀gá Gíláàsì lórí fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ìpàdé. Mo kọ ojú ewé kan àbọ̀ nípa orin tèmi: fíìmù òkè òkun kan, ọkùnrin tó ń dá gbé etí òkun, tó ń tan iná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Dùùrù nìkan, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Mo kà á fún wọn láìdánudúró. Peculiar, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó jókòó tì mí, ní kí n mu omi. Ọ̀gá Gíláàsì mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ohun tí èkejì túmọ̀ sí.

Mọ̀ọ́tán wá dìde. Kò kọ nǹkan kan. Ó ní gbogbo wa ń ṣe bí òyìnbó, pé orin fíìmù Yorùbá nìkan ló máa ń sọ gbogbo ìtàn fún ọ, síbẹ̀ tí o ò ní dìde. Ó wá ń ṣe é lójú wa: obìnrin kan jókòó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bu ọbẹ̀ fún un, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, orin sì ń ké lábẹ́ pé ọ̀rẹ́ náà ló fẹ́ gba ọkọ rẹ̀, májèlé ló wà nínú ọbẹ̀. "Òun ò gbọ́! Àwa la gbọ́! À ń pariwo sí tẹlifíṣọ̀n, 'Má jẹ ẹ́!'" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Gíláàsì ní orin tó ń sọ ìtàn kì í ṣe orin fíìmù, olófòófó ni. Mọ̀ọ́tán ní, "Olófòófó tó mọ orin kọ ńkọ́?"

Ọ̀gá Gíláàsì yọ gíláàsì kó tó lè rẹ́rìn-ín tán. Kò yọ gíláàsì fún mi.

Ṣé mo fẹ́ràn orin dùùrù yẹn ni, àbí mo fẹ́ kó rí i pé mo fẹ́ràn rẹ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

N kò bá Mọ̀ọ́tán sọ̀rọ̀ ní gbogbo òwúrọ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀. Ó fún mi ní mọ́ínmọ́ín.

Ọjọ́ Àìkú, 16. Oǹdó

Mo fẹ́ wá sílé lánàá, Mọ̀ọ́tán ní òun ò dé Oǹdó rí, kí n mú òun dání. Mo ní kò burú. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Tíṣà pírámárì ni Màámi, wọ́n sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí a dé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé. Mọ̀ọ́tán kúnlẹ̀ kí wọn, ó fa àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣà á. Wọ́n bi í pé ibo ni ilé wọn ní Àkúrẹ́. Ó ní Ìsìkàn.

"Ìsìkàn?" Ọwọ́ Màámi dúró. "Mo ti kọrin fíìmù ní Ìsìkàn rí."

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ẹni pé wọ́n ti ra tòmátì níbẹ̀ rí.

"Mọ́mì! Fíìmù wo?"

Ọ̀nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Kí wọ́n tó fẹ́ bàbá mi ni. Obìnrin mẹ́ta ló gbe orin náà. Wọ́n fi fóòmù ibùsùn bo fèrèsé kí ariwo òde má baà wọlé, ooru sì mú débi pé ẹni tó ń tẹ dùùrù bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Wọn ò kọ orúkọ àwọn elégbè sí ìparí fíìmù. Màámi ló dá kọ ibi tí ìyá ti ń wá ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ọmọ náà sì wà lẹ́yìn igi tó ń wò ó. Mọ̀ọ́tán bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n kọ díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohùn ti lọ.

Ohùn ò lọ rárá.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ẹni tó ń gbọ́ orin inú fíìmù.

Nígbà tí Mọ̀ọ́tán lọ wẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi rí. Ó yà wọ́n lẹ́nu. "Fíìmù Yorùbá? Ìwọ? Tó o bá ti gbọ́ orin wa lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣe lo máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé Màámi ni mo ń tì í mọ́.

Wọ́n ti di gàrí àti ẹja fún wa. Ti Mọ̀ọ́tán pọ̀ ju tèmi. Mo wò ó dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18. Àkúrẹ́

Mọ̀ọ́tán ní kí èmi mú Ọ̀nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wá síwájú ẹgbẹ́. "Màmá ẹ ni. Ìwọ ló tọ́ sí." Mo ní mo ti ní orin tèmi. Ó ní, "Ó dáa, màá bá ẹ mú un wá."

Bá mi! Ì bá rọrùn ká ní èèyàn burúkú ni.

Ọjọ́rú, 19

Ó ń bá Màámi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Mọ́mì wa" ló ń pè wọ́n báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ìdìbò. Ọwọ́ la nà sókè. Orin mẹ́sàn-án wọlé láìsí wàhálà. Ó ku ipò kẹwàá, ó sì ku orin méjì: tèmi àti Ọ̀nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.

Mọ̀ọ́tán ti wá fíìmù náà rí. Ẹnì kan gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwòrán rẹ̀ ti ṣú. Ó fi fóònù gbé orin náà jáde. Nígbà tó dé ibi tí Màámi ti dá kọ ọ́, gbogbo wa sún mọ́ fóònù náà. Ọ̀gá Gíláàsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èyí ò ṣòfófó. Ó ń wá ọmọ ni." Kí ló dé tí kì í ṣe èmi ni mo sọ ìyẹn? Mọ̀ọ́tán wò mí, ó fẹ́ sọ fún wọn pé ìyá ta ló ń kọrin. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó má sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Mẹ́rin fún un. Mẹ́rin fún tèmi. Èmi nìkan ni n kò tíì nawọ́.

"Motún, ìwọ la ń wò."

Mo bi ara mi pé èwo ló dára jù. Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ara mi ló mọ̀ ọ́n. Mọ̀ọ́tán ń rẹ́rìn-ín sí mi, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni pé ó ti rí ọwọ́ mi lókè. Lójú ọkàn mi, mo tún rí i lórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi. Mo nawọ́ fún tèmi.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mọ̀ọ́tán náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí à ń padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ní, "Mi ò ní sọ fún Mọ́mì." Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Ipò kẹwàá. Mo borí. N kò lè jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Wọ́n gbé orin mẹ́wàá náà sáfẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Rédíò wa ò dé Oǹdó, ṣùgbọ́n Mọ̀ọ́tán ti kọ́ Màámi bí wọ́n ṣe lè gbọ́ ọ lórí fóònù. Bí ètò ṣe parí ni wọ́n pè mí.

"Motúnráyọ̀! Wọ́n pe orúkọ rẹ! Wọ́n ní ìwọ lo mú orin kẹwàá wá!" Wọ́n ní àwọn pariwo débi pé bàbá mi fi oúnjẹ sílẹ̀ wá wò wọ́n.

Mo ní, "Màámi, wọn ò mú orin yín."

"Sherifat ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó lè ṣòro. Ìbò mélòó ló ṣẹ́kù fún wa?"

"Ẹyọ kan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. "Ẹyọ kan! Ẹni yẹn ò létí. Ta ni?"

Mo ní, "Ẹ ò mọ̀ ọ́n, Màámi."

"Má dá a lóhùn. Ṣé ìwọ rí i gbọ́ dáadáa?"

Mo ní fóònù ni wọ́n fi gbé e, ohùn rẹ̀ ò já geere.

"Dúró." Mo gbọ́ tí wọ́n ní kí bàbá mi dákẹ́ ná. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti elégbè àti ti ẹni tó dá orin, títí dé ibi tí ìyá ti ń pe ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà tí ọmọ ò dáhùn. Wọn ò fo nǹkan kan. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ìgbà tí a lọ sí Oǹdó nìyẹn, mo ti rí i gbà. Mọ̀ọ́tán wà lórí ibùsùn rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn náà láti inú fóònù. Ó yíjú sí ògiri kó lè fi í sílẹ̀ fún mi.

Ìwé, ìwọ náà, bá mi yíjú sí ògiri. Bí Màámi bá ṣí ọ níjọ́ kan, má jẹ́ kí wọ́n dé ọjọ́ Ẹtì yẹn.