Orúnkún Tanímọ̀la

Odode, Ìdànrè.

Jésùtófínmi, ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ìsàlẹ̀ òkè wá. Ṣé ara ń le? Ṣé iṣẹ́ dókítà ẹran tó ò ń ṣe ní Ìbàdàn ń jẹ́ kó o ráyè jẹun? Ara èmi àti ìyá rẹ le, a dúpẹ́. Lẹ́tà ni mo kọ, torí tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, o máa ti bú sẹ́rìn-ín kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Tanímọ̀la, ajá wa, ló ṣèṣe. Ó ń lé ọ̀yà lóko kòkó wa ní Aládé, ó bẹ́ sílẹ̀ látorí àpáta, ó sì ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bọ̀ wálé. Ìyá rẹ ní ká pè ọ́. Mo ní ká pe ta ni? Èmi tí mo ti ń to eegun láti ọdún méjìlélógójì! Mo fi òrí pa á, mo fi pẹlẹbẹ ọparun dì í.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo tú u, ẹsẹ̀ náà kò kanlẹ̀. Itan rẹ̀ ti ń rù. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ni mo bá gbé e wọ mọ́tò, ó di ọsibítù ẹran ní Àkúrẹ́. Mi ò sọ fún dókítà ibẹ̀ pé eegun títò niṣẹ́ mi. Ojú ń tì mí.

Ọmọbìnrin kan ni dókítà náà, Hàfsátù lórúkọ rẹ̀, kò lè jù ọ́ lọ. Ó fi ọwọ́ kan di itan ajá mú, ó fi èkejì ti ojúgun rẹ̀, ojúgun náà sì yọ̀ síwájú. Ó ní kò sí eegun tó ṣẹ́ rárá, iṣan inú orúnkún ló já, kì í sì í so padà fúnra rẹ̀. Háà! Ohun tí kò ṣẹ́ ni mo dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!

Ó ní tó bá jẹ́ ajá kékeré ni, wọn ì bá fi okùn líle rán ẹ̀gbẹ́ orúnkún náà lóde, kó máa dì í mú dípò iṣan tó já. Àmọ́ ajá tó wúwo bíi tiwa, ó dáa kí wọ́n gé orí eegun ojúgun, kí wọ́n yí i díẹ̀, kí wọ́n fi irin àti ìdè dè é, kí orúnkún lè dúró láìsí iṣan yẹn. A sì lè má fọ̀bẹ kàn án, kó kàn sinmi, kó fọn, kó máa lo oògùn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó, ó ṣeé ṣe kó máa tiro títí ayé, kí làkúrègbé sì tún mú un.

Wọ́n fẹ́ gé eegun tó dá ṣáká! Díẹ̀ ló kù kí n gbé ajá mi kí n máa lọ. Mo jókòó síta, Tanímọ̀la gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ mi bíi pé mi ò ṣẹ̀ ẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo padà wọlé, mo ní kí wọ́n gé e.

Ó ti lé lóṣù mẹ́ta báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ la fi so ó mọ́lẹ̀, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ ká gbádùn. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sáré.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Ní Sátidé tó kọjá, Mùyídéènì, ará Ìsẹ́yìn kan tó ń ṣe lébìrà lóko kòkó, fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, orúnkún rẹ̀ wú. Mo ti kó ọparun sílẹ̀. Mo di itan rẹ̀ mú, mo ti ojúgun rẹ̀, ó yọ̀ síwájú bíi ti ajá. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, mo ní kó lọ sí ọsibítù. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́ ni?" Mo ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni."

Jésùtófínmi, ọkàn mi kò balẹ̀. Tí mo bá ti rí ẹni tó ń tiro ládùúgbò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò, bóyá èmi ni mo dì í. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Jọ̀ọ́, wá sílé, kó o wá kọ́ mi ní èyí tí mo lè dì àti èyí tí n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Ọwọ́ rẹ kò ní ṣìṣe lára ohun ẹlẹ́mìí. Ẹni tó o bá tọ́jú á dìde, á sì rántí rẹ sí rere.

Èmi ni, bàbá tó bí ọ,
Ọ̀ṣúndé.

Mo gbàgbé: tó o bá ń bọ̀, má ra búrẹ́dì fún ajá yẹn o. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sanra, ìyá rẹ sì ń fún un níyán lẹ́yìn mi.